Ilé tí a tì mọ́ olè: ohun tó yẹ kí ìdílé mọ̀ nípa iná

Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Òṣogbo lónìí, kó tó ronú kan ọ̀dà tó máa fi kùn ún, ó ti bá wélídà dúnàádúrà lórí irin ojú fèrèsé. Ní Òkè-Fíà o, ní Alékúwodò o, lójú ọ̀nà Ìlobùú o, ilé tí kò nírin lójú fèrèsé kò wọ́pọ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn irin ń bẹ níwájú, òmíràn ń bẹ lẹ́yìn, àgádágodo á wọ̀ ọ́ lálẹ́, bàbá ilé á sì fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, olè ń jà lóòótọ́. Àmọ́ ìta ni olè ti ń wá, inú ilé ni iná ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, irin tó sì dá olè dúró kì í bi onílé léèrè bóyá òun náà fẹ́ jáde.

Bí ọyẹ́ bá ti dé, "ẹ ṣọ́ra fún iná" ni ìmọ̀ràn tí à ń gbọ́ ṣáá. Ta ni kò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn ṣọ́ra? Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni èwo nínú iná ló ṣe é da omi sí àti èwo ni kò ṣe é dà á sí, kí ló dé tí gáàsì ń bú nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣáná, àti ohun tí ọmọ ọdún méje máa ṣe lóru bí èéfín bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tú nìyẹn.

Èéfín ló ń ṣáájú

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ńṣe ni iná ń jó èèyàn pa nínú ilé. Èéfín ló ń pa púpọ̀ nínú wọn kí ọwọ́ iná tó kàn wọ́n. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Ẹni tó bá fà á símú, yóò gba ipò tó yẹ kí atẹ́gùn rere gbà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á kọ́ ọ, kò sì ní lágbára láti dìde mọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé imú yín lóru. Ariwo lè jí ẹni tó sùn, òórùn èéfín kì í sábà jí i. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń jáde lára èédú àti lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, nítorí náà ẹni tó gbé èédú tó ń jó wọ yàrá nítorí otútù ọyẹ́, tó sì ti fèrèsé pa, kò nílò kí ilé jó kó tó kú.

Yàrá tiwa náà kò rí bíi ti àwọn bàbá wa mọ́. Ẹní, àpótí igi àti aṣọ òwú ló wà nínú tiwọn. Nínú tiwa, fóòmù ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fóòmù ló wà nínú àga, kọ́tìnnì wa àti rọ́ọ̀gì wa, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti yọ púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń yára jó, èéfín wọn dúdú, ó sì lóró. Iná tó bẹ̀rẹ̀ lára àga lè gba gbogbo pálọ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó bá jí, tó wá ń wá kọ́kọ́rọ́, ti ná díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú yẹn.

Òkè ni èéfín gbígbóná ń lọ. Àjà ló máa ń kọ́kọ́ kún, lẹ́yìn náà ló máa ń sọ̀kalẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ tó ṣe é mí ló máa ń ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Ẹni tó bá dìde nàró ti ki orí bọ èéfín, ẹni tó bá rákòrò ṣì lè rí ọ̀nà. Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná, iná wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá sì ti jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín, kí ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ilẹ̀kùn igi lásán tó bá wà ní pípadé lè dá èéfín dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Nítorí ìdí yìí ni mo ṣe fẹ́ràn kí ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ wà ní pípadé lóru, láìfi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Kì í ṣe gbogbo iná lomi ń pa

Ìlú Ọ̀ṣun ni wá, ẹ má dá wa lẹ́bi bí ọwọ́ wa bá kọ́kọ́ na síbi bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni iná nílò: ohun tó ń jó, ooru, àti atẹ́gùn. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú kúrò níbẹ̀, iná á kú. Ooru ni omi ń mú kúrò. Ó dára fún igi, ìwé, aṣọ àti fóòmù. Bó bá kan epo, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹ jẹ́ ká mú màmá tó ń dín àkàrà. Epo gbóná jù, iná bá gbá lójú agbada. Omi ń hó ní 100°C, àmọ́ epo tó ti gbiná ti kọjá 300°C. Omi tí ẹ bá dà sí i wúwo ju epo lọ, yóò rì sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti di oru lẹ́ẹ̀kan náà. Oru yẹn ń gba àyè tó tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600 omi tó mú un wá. Òun ló máa gbé epo oníná sókè, sára àjà, sára kọ́tìnnì, sójú ẹni tó dà á. Ìdérí ni oògùn rẹ̀. Bó bá ṣe é ṣe, ẹ pa iná abẹ́ rẹ̀, ẹ ti ìdérí lé e láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má sì ṣí i wò títí yóò fi tutù pátápátá. Ẹ má gbé agbada náà sáré jáde. Ibi tí ẹ bá ti kọsẹ̀ ni epo máa dà sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àdìrẹ alábẹ́là nílé, tiyín rèé o. Àbẹ́là tó yọ́ lórí sítóòfù ń ṣe bí epo ni: bó bá gbóná jù, á gbiná, omi á sì ta á sókè bákan náà. Inú agolo tí ẹ gbé sínú ìkòkò omi tó ń hó ni kí ẹ ti máa yọ́ ọ, nítorí omi tó ń hó kì í gbóná kọjá 100°C, àbẹ́là ò sì ní dé ibi tó ti ń gbiná. Kí ìdérí tó bá ẹnu agolo náà mu wà nítòsí. Mo mọ̀ pé kì í yára yọ́ báyìí, oníbàárà sì ń dúró de aṣọ rẹ̀. Kó dúró.

Bẹntiróòlù ní tirẹ̀ máa ń léfòó lórí omi ni, omi á kàn gbé iná rìn lọ síbòmíràn ni. Iyanrìn ló dára fún un bí iná bá kéré. Bó bá sì jẹ́ ohun tó ń lo iná mànàmáná ló ń jó, ẹ lọ pa iná láti ibi súìṣì ńlá ilé kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, torí omi ń gbé iná mànàmáná dé ara ẹni tó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì dání.

Gáàsì tí wọ́n ní ó dédé bú

Gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i, kí imú lè mọ̀ bó bá ń jò. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í gba ojú fèrèsé jáde. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń rá, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí yàrá kejì, á kóra jọ síbẹ̀. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ yàrá, ó ti tó láti gbiná. Gáàsì kì í dédé bú. Ó ti lè máa jò láti àárọ̀, kí ẹnì kan wá tẹ súìṣì, tàbí kí NẸ́PÀ mú iná dé kí fìríìjì tan ara rẹ̀, iná kékeré á ta pàrà, ilé á sì lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má tan súìṣì, ẹ má sì pa èyí tó ti wà ní títàn, torí títan àti pípa ló ń ta pàrà. Ẹ dé ẹnu sílíńdà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Ẹ kó gbogbo ilé jáde, kí ẹ tó lo fóònù lókèèrè. Láti mọ ibi tó ti ń jò, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kó hó, ẹ fi pa ẹnu sílíńdà àti ara rọ́bà rẹ̀. Ibi tó bá ń yọ ìfófòó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Àwọn kan ń fi ìṣáná wá a. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rò pé àwọn máa rí.

Ìta ni kí sílíńdà máa gbé, lórí ìdúró. Gáàsì inú rẹ̀ wà bí omi, bí ẹ bá sì dá sílíńdà dùbúlẹ̀, omi yẹn ló máa gba ẹnu rẹ̀ jáde, lítà kan rẹ̀ sì ń di nǹkan bíi lítà 250 gáàsì lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé e dùbúlẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, ẹ bá wa kìlọ̀ fún wọn.

Ní ti kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù, ìyàtọ̀ kan ló wà tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Kẹrosíìnì gidi nílò ooru tó tó 38°C kó tó yọ oru tó lè gbiná. Bẹntiróòlù ti ń yọ tirẹ̀ níbi tó tutù ju yìnyín lọ, ní nǹkan bí 40°C sísàlẹ̀ òdo. Bí oníjìbìtì bá da bẹntiróòlù díẹ̀ mọ́ kẹrosíìnì, sítóòfù tó ti ń jó dáadáa látọjọ́ yìí lè bú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má ra kẹrosíìnì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀, ẹ má sì rọ ọ́ sínú sítóòfù tàbí àtùpà tó ń jó lọ́wọ́. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí ẹ tọ́jú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ọ̀wọ́ngógó, oru rẹ̀ ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná ẹni tó ń dáná ní yàrá kẹta. Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ pa á kó tutù kí ẹ tó rọ epo sí i, kì í ṣe pẹ̀lú ọmọ tó fi àbẹ́là tanná fún yín.

Wáyà inú àjà

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àjà ni wáyà ilé wa wà, lábẹ́ páànù tó ń gbóná lọ́sàn-án, níbi tí eku ti ń jẹ rọ́bà ara rẹ̀, a sì ń sùn ní tiwa.

Ìṣirò kékeré kan lè gba ilé là. Ẹ wo ara ohun èlò yín, ẹ ó rí iye wáàtì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ fi 230 pín in, torí fólítì 230 ni iná tiwa. Iye tó bá jáde ni áḿpíà tó ń fà. Sítóòfù oníná tó jẹ́ 2,000 wáàtì ń fa nǹkan bíi 8.7. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì ń fa 4.3. Bí ẹ bá ki àwọn méjèèjì bọ ẹ́sténṣàn kan ṣoṣo, ẹ ti lo áḿpíà 13 tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè gbé jù lọ tán, fìríísà kò tíì wọ̀ ọ́ o. Ẹ́sténṣàn olówó pọ́ọ́kú kì í sì gbé tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kò ní gbiná lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Á kàn máa gbóná díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rọ́ọ̀gì tí ẹ fi bò ó, rọ́bà rẹ̀ á máa rọ̀, títí wáyà méjì á fi kan ara wọn.

Ó máa ń kìlọ̀ fúnni kó tó ṣẹlẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì á pọ́n rúsúrúsú, plọ́ọ̀gì á gbóná mọ́ni lọ́wọ́, ẹ ó máa gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó tí ẹ ò rí ibi tó ti ń wá. Fíúsì tó ń já lemọ́lemọ́ náà ń sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá fi wáyà lásán dí ojú rẹ̀ ti yọ ohun tó ń ṣọ́ ilé náà kúrò.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni áyọ́ọ̀nù àti iná tó lọ lójijì. Ẹnì kan ń lọ aṣọ, iná lọ, ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, ó sì gba Ọjà Ọba lọ. Iná dé lọ́sàn-án, kò sẹ́nì kankan nílé. Ẹ jẹ́ kó di òfin: bí iná bá ti lọ, ẹ yọ gbogbo ohun tó ń mú ooru wá kúrò lára ògiri, ẹ má fi súìṣì nìkan pa á. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gba iṣẹ́ yẹn ṣe, kí ẹ sì máa bi í léèrè kí ẹ tó jáde. Fóònù tó ń gba iná lábẹ́ ìrọ̀rí, àbẹ́là lórí tẹlifíṣọ̀n, oògùn ẹ̀fọn oníná lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀tì, àwọn wọ̀nyẹn kò nílò àlàyé.

Ọ̀nà méjì fún yàrá kọ̀ọ̀kan

Gbogbo yàrá tí èèyàn ń sùn sí gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà jáde: ilẹ̀kùn, àti fèrèsé kan. Irin kò ní kí fèrèsé má jẹ́ ọ̀nà. Ẹ sọ fún wélídà pé kí irin fèrèsé kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan máa ṣí láti inú bí ilẹ̀kùn, kó fẹ̀ tó kí àgbàlagbà gbà á kọjá, kí ìdè rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà níta ò lè dé. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, àwọn onílé ni kì í béèrè. Bó bá sì jẹ́ àgádágodo ni ẹ fẹ́, ẹ kan ìṣó kan sára ògiri, kí kọ́kọ́rọ́ máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ọmọ tó kéré jù tó lè ṣí i mọ ibẹ̀. Ti ẹnu ọ̀nà iwájú náà, bákan náà. Abẹ́ ìrọ̀rí bàbá kì í ṣe ibi tó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ní ilé ayálégbé tí yàrá dojú kọ yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, ọ̀kadà, dúrọ́ọ̀mù omi àti jẹnẹrétọ̀ ló sì kún un, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ti wà ní títì látọjọ́ tí onílé ti fún un ní àgádágodo. Ọ̀rọ̀ àpapọ̀ lèyí. Kí gbogbo ayálégbé jọ lọ bá onílé, nítorí bó bá jẹ́ ẹnì kan ló lọ, á ní oníwàhálà ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín iṣẹ́. Ta ló máa gbé ọmọ ọwọ́? Ta ló máa di màmá àgbà mú, tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́? Níbo ni gbogbo yín máa pàdé: ìdí máńgòrò ìta ni, àbí ẹnu géètì aládùúgbò? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ka orí ara yín, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé padà lọ wá ẹni tó ti jáde. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí ẹ̀rù máa ń mú ọmọdé ṣe nìyẹn, panápaná kì í sì í rí wọn nínú èéfín. Ẹ ṣe é dánrawò lọ́sàn-án, ẹ tún pa iná ṣe é lálẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ tọ ara ògiri jáde. Wọ́n á gbádùn rẹ̀ bí eré. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé bí aṣọ ara wọn bá gbiná, wọn kò gbọ́dọ̀ sáré. Kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ bojú, kí wọ́n máa yí gbirigbiri.

Sẹ̀tífíkéètì, ìwé ilẹ̀, ìwé owó àjọ: ẹ ya fọ́tò àwọn ìwé yẹn lónìí, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó wà nílùú mìíràn. Kò ní sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni á fi padà wọ inú èéfín nítorí wọn.

Bí ẹ bá lówó díẹ̀ láti ná, ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá kàn án ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ara àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí yàrá tí ẹ ń sùn sí, ni kí ẹ kàn án mọ́, kì í ṣe ilé ìdáná tí yóò ti máa ké ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń dín nǹkan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lóṣooṣù. Àgbá ìpaná tó ń fọ́n ìyẹ̀fun sára iná ló tẹ̀ lé e: ẹ fa ìdè rẹ̀ yọ, ẹ dojú rẹ̀ kọ ìdí iná, kì í ṣe orí rẹ̀, ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀, ẹ sì máa fì í sọ́tùn-ún sósì. Èyí tó kéré kì í pẹ́ tán, ìṣẹ́jú kan kì í pé. Iná tó bá ti ga ju yín lọ kì í ṣe tiyín mọ́, ẹ jáde.

Pípe panápaná

Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá omi. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì káàkiri Nàìjíríà, kò gba owó. Ẹ tún lọ sí iléeṣẹ́ panápaná tó sún mọ́ yín lọ́jọ́ tí nǹkan kan ò ṣe, kí ẹ gba nọ́ńbà tiwọn, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Nọ́ńbà ojúlé kì í tó láti mú wọn dé àdúgbò wa, nítorí náà ẹ sọ mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iléèwé tó wà nítòsí, ẹ sọ ohun tó ń jó àti bóyá èèyàn ṣì wà nínú ilé, kí ẹnì kan sì lọ dúró ní oríta máa juwọ́ sí wọn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé tí kánópì ayẹyẹ ti dí àdúgbò, kí ẹnì kan ti máa bá àwọn onínàáwó sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ má ju òkúta lù wọ́n bí wọ́n bá pẹ́. Ẹni tó fọ́ gíláàsì ọkọ̀ panápaná kò tíì pa iná kankan.

Bí ara ẹnì kan bá jóná, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sì tètè bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kúrò kó tó wú. Ẹ má fi yìnyín sí i. Epo pupa, ẹyin, tòmátì, ọṣẹ ìfọyín, kò sí èyí tó yẹ níbẹ̀, wọ́n lè dá ooru dúró sínú ara, dókítà á sì tún ní láti fọ̀ wọ́n kúrò. Bí aṣọ bá lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ojú egbò náà, bó bá sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jóná lọ, tàbí tó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí abẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tó fa èéfín símú náà gbọ́dọ̀ lọ, kódà bó bá ní kò sí ohun tó ṣe òun.

Bí iná bá kú tán, fóòmù àti aṣọ ṣì lè máa jó nínú láìrú èéfín. Ẹ wọ́ wọn jáde síta, ẹ da omi sí wọn dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan súìṣì ilé náà títí oníná á fi yẹ wáyà inú àjà wò.